Ìlú Tí Wọ́n Ti Ń Kó Ajá Ààtàn Wọlé

Ẹ gbé àpótí yín sún mọ́ mi, ẹ̀yin èrò yìí, kí ẹ sì pa ẹnu yín dé. Ẹni tí oorun bá ń kùn kó dìde kó lọ bá ẹní rẹ̀ nílé, nítorí mi ò ní bá ẹnikẹ́ni pààrọ̀ ìtàn mi fún ìhanrun. Mo ti ń dọdẹ láti ìgbà tí púpọ̀ nínú yín ṣì ń ra lórí ilẹ̀, tí ẹ ń kó iyẹ̀pẹ̀ sẹ́nu. Mo ti sùn nínú igbó tí ẹ bá gbọ́ orúkọ rẹ̀, inú yín á rú. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nítorí náà, bí mo bá ní báyìí báyìí ló ṣẹlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé ta lẹ́rìí.

Ìtàn Ọdẹ́rìndé ni mo fẹ́ sọ, ọdẹ ìlú Etídò, ọkùnrin tí ẹkùn ń yà fún lọ́nà. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Kì í ṣe ìtàn tó dùn. Ẹni tó bá fẹ́ adùn kó lọ lá oyin.

Àwọn ará Etídò ní ìwà kan nígbà náà tí àwọn fúnra wọn kò kà sí ìwà. Bí ajá ẹnìkan bá darúgbó, tí kò lè lé ọ̀yà mọ́, wọn á fà á dé ààtàn lẹ́yìn ìlú, wọn á sọ òkò kan lù ú kó má baà tẹ̀lé wọn padà, wọn á sì máa bá tiwọn lọ. Bí ewúrẹ́ bá dá lẹ́sẹ̀, ààtàn. Bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bá fọ́ lójú, ààtàn. Ẹni tó ń lọ sóko á gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá láàárọ̀, á tún gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá nírọ̀lẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń bi ara rẹ̀ pé kí ló dé.

Àfi bó ṣe di ọdún kan tí ààtàn ṣófo. Àwọn ẹran tí wọ́n jù síbẹ̀ dìde, wọ́n la odò kọjá, wọ́n wọ igbó lọ. Kò pẹ́ tí àwọn tí ara wọn dá pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé wọn. Ajá tó ń ṣọ́lé fi ilé sílẹ̀. Ológbò fi àká sílẹ̀ fún eku. Ọ̀bọ rọ́ wọ oko àgbàdo, kò sí ajá tí yóò gbó mọ́ wọn, wọ́n jẹ àgbàdo tán, wọ́n fi háhá rẹ̀ nu ẹnu. Àwọn oníṣòwò tó ń ti òkèèrè bọ̀ ló wá sọ ibi tí àwọn ẹran náà wọlé sí. Wọ́n ní ìlú kan wà lẹ́yìn igbó tí ń jẹ́ Olójúlíle. Wọ́n ní àwọn ará ibẹ̀ a máa kó ẹran tí kò lẹ́ni wọlé, wọn a máa wẹ egbò rẹ̀, wọn a máa bọ́ ọ, wọn kì í pa á, wọn kì í sì í tà á.

Inú bí Onídò, ọba Etídò. Ó ránṣẹ́ pe Ọdẹ́rìndé.

"Ọdẹ́rìndé," ọba ní, "kò sí ẹni tí ń bọ́ ajá lásán. Èrè kan wà tí àwọn ènìyàn yẹn ń jẹ, tí wọn ò jẹ́ ká mọ̀. Ó lè jẹ́ oògùn. Ó lè jẹ́ awo. Lọ wá ìdí rẹ̀ wá fún mi."

Ọdẹ́rìndé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Ọ̀nà ibẹ̀ kò dára. Ẹni tó lọ kì í sábà bọ̀."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìyá rẹ yóò fi wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà ààfin mi títí wàá fi dé. Bí o bá mú ìdí náà dé kí á tó jẹ iṣu tuntun, kí o mú ìyá rẹ lọ sílé. Bí o kò bá dé, tàbí tí o bá dé lọ́wọ́ òfo, ààtàn ni a ó gbé e lọ. Àyè ṣáà ti ṣí sílẹ̀ níbẹ̀."

Àwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín. Ọdẹ́rìndé kò rẹ́rìn-ín. Ìyá yìí nìkan ló kù fún un láyé: bàbá rẹ̀ ti kú, ìyàwó rẹ̀ sì ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ pé igbó ló fẹ́, kì í ṣe òun. Abọ́sẹ̀dé ni orúkọ ìyá náà, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í fẹ́ ni ẹnikẹ́ni lára. Ó ká ẹní rẹ̀, ó wá síbi tí wọ́n ní kó wá, ó jókòó.

"Àjàgbé ọmọ mi," ó fi oríkì pè é, "lọ kí o bọ̀. Má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi dá ọ dúró lọ́nà. Ààfin ṣáà ni mo wà. Ta ni ebi ń pa láàfin?"

Bí Ọdẹ́rìndé ṣe gbé ìbọn kọ́ èjìká nìyẹn.

Ẹ má bi mí bó ṣe rìn. Ẹsẹ̀ ló fi rìn. Igbó tó kọ́kọ́ wọ̀, iwin kan ló ni ín. Iwin náà ní ojú níwájú bíi tèmi àti tiyín, àmọ́ ìpàkọ́ ni ẹnu rẹ̀ wà, tó fi jẹ́ pé bó bá fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ kẹ́yìn sí ọ. Ó jáde sí Ọdẹ́rìndé, ó yí ẹ̀yìn padà.

"Ọmọ ènìyàn, àlọ́ la fi ń kọjá níbí. Bí o bá mọ̀ ọ́n, kọjá. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, mo jẹ ọ́. Ilé kan wà tí kò ní fèrèsé, tí kò ní ẹ̀yìnkùlé, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kì í jáde mọ́. Kí ni?"

"Sàréè ni," Ọdẹ́rìndé dáhùn. Ọmọdé gan-an mọ ìyẹn.

"Irọ́ ni. Ikùn mi ni."

"Ṣùgbọ́n sàréè náà bá a mu."

"Àlọ́ ta ni?" iwin náà bi í, ó sì fò mọ́ ọn.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín, àbí? Bí ẹ̀yin bá wà níbẹ̀, ẹ̀ bá ti tọ̀ sára. Ọdẹ́rìndé yin ìbọn, ìbọn kọ̀. Ó fa àdá yọ, àdá kán. Ọ̀ràn wá di ìjàkadì, iwin gbé e, ó sì fi í gún igi ọ̀mọ̀ títí igi fi wó. Ṣùgbọ́n ọdẹ kì í sọ ọpọlọ nù sílé. Ó ti kíyè sí i pé bí iwin yìí bá fẹ́ gé ènìyàn jẹ, àfi kó kẹ́yìn síni, bó bá sì ti kẹ́yìn kò rí ohun tó ń ṣe mọ́. Ata gígún tó fi ń jẹ iṣu sísun wà nínú àpò rẹ̀. Ó ní sùúrù títí ẹnu fi là ní ìpàkọ́ yẹn, ó sì da gbogbo ata náà sí i. Iwin ké, ó pe ìyá rẹ̀, ó pe ìyá ìyá rẹ̀, ó sá gba inú ẹ̀gún lọ. Mo ti rí igbó tó fi ara gbá nígbà tó ń sá lọ, koríko kò hù níbẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan odò. Odò yìí kò jìn, kò sì lẹ́ranko, èébú ló fi ń pa ènìyàn. Bí o bá ti tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í bú ọ. Bí o bá dá a lóhùn ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, omi á ga dé ọrùn rẹ. Odò bú Ọdẹ́rìndé, ó bú imú rẹ̀, ó bú bàbá rẹ̀, ó sọ ohun tí ìyàwó rẹ̀ ń sọ nípa rẹ̀ lẹ́yìn. Ọdẹ́rìndé gbé e mì. Nígbà tó wá kan ìyá rẹ̀, ó ki apá ara rẹ̀ bọ ẹnu, ó gé e jẹ títí ó fi gòkè. Àpá eyín náà wà níbẹ̀ di òní.

Ó dé Olójúlíle pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lápá. Àwọn oníbodè jókòó, wọn kò kí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," Ọdẹ́rìndé ní.

Àgbà kan nínú wọn dìde, ó gbóòórùn èjìká rẹ̀, ó sì tutọ́ sílẹ̀.

"Ọdẹ ni. Gbé ìbọn rẹ síbí."

Wọ́n gba ìbọn. Wọ́n tú àpò rẹ̀, wọ́n kó gbogbo ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ tó wà níbẹ̀ dà sínú kòtò, wọ́n wa iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Ó ṣì ń di àpò rẹ̀ padà nígbà tí ajá kan tiro dé lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ wú, kòkòrò wà nínú egbò. Kíá ni gbogbo oníbodè dìde. Wọ́n bu omi fún ajá, wọ́n gbé e lọ́wọ́, wọ́n fi Ọdẹ́rìndé sílẹ̀ nínú oòrùn. Ó sì dá ajá náà mọ̀! Ajá aládùúgbò rẹ̀ ní Etídò ni, Tanímọ̀la ni wọ́n ń pè é.

"Tanímọ̀la!" ó pè é.

Ajá wò ó, ó sì gbójú kúrò lára rẹ̀. Ó dun Ọdẹ́rìndé. Kí ajá rí ọ kó má mi ìrù, ẹ fi ara yín rò ó.

Ó tẹ̀lé wọn dé àgọ́ ńlá kan tí ẹran kún inú rẹ̀: ewúrẹ́ elégbò, ológbò olójú kan, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí awọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Àwẹ̀ró ló ń ṣàkóso ibẹ̀. Ọdẹ́rìndé rò pé òun yóò rí obìnrin onínú rere tí ń pe ajá lọ́mọ. Àwẹ̀ró ki ẹsẹ̀ Tanímọ̀la bọ omi iyọ̀, ó ń fọ egbò náà, ó sì ń pariwo.

"Jókòó jẹ́ẹ́, ìwọ olórí bí ọmọ odó! Ta ló ní kí o wá? Gbogbo ilẹ̀ tó lọ súà, ibí lo rí wá da egbò sí! Mo ní kí o na ẹsẹ̀!"

"Ìyá," Ọdẹ́rìndé ní, "ó dà bí ẹni pé ẹ kò fẹ́ràn ajá yìí."

"Ta ló sọ fún ọ pé ó di dandan kí n fẹ́ràn rẹ̀? Kúrò níbẹ̀, o ń dí mi lójú."

Bí gbogbo wọn ṣe rí nìyẹn ní ìlú náà. Wọ́n fún Ọdẹ́rìndé lóúnjẹ, nítorí wọn kì í febi pa ènìyàn, ṣùgbọ́n bí ẹni ń sọ òkò ni wọ́n ṣe gbé e síwájú rẹ̀. Ó bi ọkùnrin kan pé ṣé wọ́n máa ń fi àwọn ẹran náà ṣoògùn ni, ọkùnrin náà gbá a létí. Ó bi òmíràn pé èrè wo ni wọ́n ń jẹ, ìyẹn ní òun ò bá ọdẹ sọ̀rọ̀. Ó ń wò, ó ń ṣọ́ wọn, kò rí oògùn, kò rí awo kankan. Ohun tó ń rí ni ewé iṣu tó ń pọ́n lóko wọn. Iṣu tuntun ti ń sún mọ́, ọkàn rẹ̀ kò sì kúrò ní ẹnu ọ̀nà ààfin tí ìyá rẹ̀ jókòó sí.

Ìkánjú yìí ló kó bá a. Ní Etídò, àwọn ọdẹ kì í fi ẹnu lásán béèrè ọ̀rọ̀ pàtàkì lọ́wọ́ àgbà. Itan ẹran ni wọ́n fi ń tọrọ gáfárà. Wọ́n sì tún gbà pé ẹran tí kò bá lẹ́ni, ti ọdẹ ni. Ọdẹ́rìndé ro èyí, ó ro ìyẹn, kò rí ibi tó kù sí. Ewúrẹ́ kan wà lẹ́yìn àgọ́ tó ń tiro, tí èèkàn rẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ó dúńbú rẹ̀, ó fi iná wì í, ó gé itan rẹ̀, ó sì gbé e lọ bá Àwẹ̀ró. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ìyá, ẹ gbà kí ẹ fi sebẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ òótọ́ ọ̀rọ̀."

Àwẹ̀ró wo itan náà. Ó wo Ọdẹ́rìndé. Ó kígbe tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ìlú fi tú jáde. Wọ́n lù ú, wọ́n lù ú, àwọn arúgbó tí kò lè dìde ń fi ọ̀pá na ibi tí ọwọ́ wọn bá tó. Wọ́n fà á dé iwájú àgbà oníbodè, ìyẹn kò tilẹ̀ bi í ní ọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Àyè kan ti ṣófo ní àgọ́," àgbà náà ní. "Ẹni tó sọ ọ́ di òfo ni kó dí i."

Wọ́n sì so Ọdẹ́rìndé mọ́ èèkàn ewúrẹ́, okùn ewúrẹ́ lọ́rùn rẹ̀. Ọdẹ tí ẹkùn ń yà fún! Èèpo iṣu ni wọ́n ń gbé fún un. Ó sì wá rí ohun kan níbẹ̀ tí kò rí tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó ń kọjá tí kì í dúró. Òfin wọn ni: ẹni tó bá rí ohun tó wà nílẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró, kó wò ó lójú, kó bi í bóyá ó ti jẹun. Wọ́n ń ru igi, wọ́n á sọ igi kalẹ̀. Wọ́n pọn ọmọ sẹ́yìn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n wò ó lójú, wọ́n bú u, wọ́n fún un lómi, wọ́n lọ. Òmíràn á tún dé. Ìtìjú náà pọ̀ ju lílù lọ.

"Ẹ pa mí kí ẹ sinmi!" ó pariwo. "Kí lẹ ń wò?"

"Ojú rẹ ni à ń wò," Àwẹ̀ró dá a lóhùn. "Jẹ èèpo rẹ."

Ìgbà náà ni ẹkún gbọ̀n ọ́n. Ó ní kì í ṣe tòun ni òun ń rò, ó ní ìyá òun wà ní ẹnu ọ̀nà ààfin, bí òun kò bá tètè dé, ààtàn ni wọn yóò gbé e lọ.

"Ta ló ń bọ́ ọ níbẹ̀?" Àwẹ̀ró bi í.

"Àwọn ará ààfin."

"Èwo nínú wọn?"

Ọdẹ́rìndé kò mọ̀. Àwẹ̀ró kọ́kọ́ pòṣé, ó wá fìdí kalẹ̀ lórí òkúta.

"Etí rẹ mélòó? Fi gbogbo rẹ̀ gbọ́, mi ò ní tún un sọ. Kì í ṣe nítorí ajá. Kò sẹ́ni tó ń gba ti ajá rò níbí. Nígbà ayé àwọn ìyá wa, ìlú yìí rí bíi tiyín. Ajá ṣubú sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Lákọ̀ọ́kọ́ ojú ń tì wọ́n, nígbà tó yá ojú ò tì wọ́n mọ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Láti orí ajá ó kan ewúrẹ́, ó kan wèrè, ó kan arúgbó tí kò lọ́mọ. Lọ́jọ́ ọjà kan, ọba jáde lóun nìkan, àìsàn sì gbé e ṣubú sáàárín ọ̀nà. Oòrùn ń pa á, ó ń na ọwọ́. Gbogbo ọjà ru ẹrù, wọ́n gba orí rẹ̀ kọjá. Wọn kò kórìíra rẹ̀ o! Ọba tí wọ́n fẹ́ràn ni. Wọn ò rí i ni. Nígbà tí ọjà tú, ó ti kú, ipa ẹsẹ̀ ènìyàn sì wà lára agbádá rẹ̀."

Ó dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò ní ìdí.

"Ojú kan náà la fi ń wo ajá, òun la fi ń wo ọba. Bí o bá ti kọ́ ojú láti máa kọjá, kò mọ ẹni tí yóò dúró fún mọ́. Nítorí ojú wa la ṣe ń bọ́ wọn. Ẹ̀rù ara wa ló ń bà wá. Ti ajá kàn bọ́ sí i ni."

Ó fi ọ̀bẹ gé okùn ọrùn rẹ̀. Wọ́n ju ìbọn rẹ̀ fún un, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn bodè mọ́ ọn lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó ní ó dàbọ̀.

Ọdẹ́rìndé sáré. Bó ti ń sáré ló ń ka ọ̀rọ̀ náà sórí kó má baà gbàgbé: kì í ṣe nítorí ajá, nítorí ojú wọn ni. Odò bú u títí ó fi sú odò, kò gbọ́. Iwin rí i lókèèrè, ó sá pamọ́. Ó kọjá oko, ó kọjá ààtàn, ó rí i tí wọ́n ń to iṣu tuntun jọ, tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi ọ̀bẹ kàn án. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń sunkún. Èrò pọ̀ ní ẹnu ọ̀nà ààfin. Ó fi èjìká ti ènìyàn, ó fo agbọ̀n iṣu, ó fo ẹnìkan tó ká jọ sí ẹsẹ̀ ògiri, ó já wọlé, ó sì dọ̀bálẹ̀ níwájú ọba.

Ó ro gbogbo rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ ọba tó kú sáàárín ọjà, ẹnu ya àwọn ìjòyè, wọ́n mi orí. Ọdẹ́rìndé ń sọ ọ́ dáadáa, ó ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe ń gba orí ọba kọjá. Onídò nìkan ni ojú rẹ̀ kò tú ká.

"Ó tán? Kò sí oògùn níbẹ̀?"

"Kò sí, Kábíyèsí."

"Ọ̀rọ̀ ni o lọ kó wá fún mi." Ọba fa ojú ro. "Kò burú. O dé lásìkò, o kò sì dé lọ́wọ́ òfo. Ẹ lọ pe ìyá rẹ̀ wá."

Àwọn ẹmẹsẹ̀, ìránṣẹ́ ààfin, wo ara wọn. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní òun rò pé ọ̀dọ̀ àwọn olorì ni ìyá náà ti ń jẹun. Àwọn olorì ní àwọn rò pé àwọn ẹmẹsẹ̀ ló ń bọ́ ọ. Ìjòyè kan ní òun rò pé ó ti lọ sílé. Olùṣọ́nà tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ló wá sọ̀rọ̀.

"Kò lọ síbì kankan. Ẹsẹ̀ ògiri tí ẹ fi í sí náà ló wà. Ọdẹ, ìwọ náà ṣáà fò ó wọlé báyìí."

Ọdẹ́rìndé jáde. Abọ́sẹ̀dé wà níbẹ̀ lórí ẹní rẹ̀, eruku ẹsẹ̀ èrò wà lára ìró rẹ̀, ètè rẹ̀ ti bó, ojú rẹ̀ là sílẹ̀.

"Ìyá mi," ó ní.

"Àjàgbé." Ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọ ẹyẹ lọ. "O dé. Mo dá ìró ẹsẹ̀ rẹ mọ̀ bí o ṣe ń bọ̀. Mo na ọwọ́ sí ọ."

"Kí ló dé tí ẹ kò pè mí?"

"Mo rí i pé o ń kánjú lọ rí ọba. Mi ò fẹ́ dá ọ dúró."

Ọdẹ́rìndé ké bí ọmọdé. Ó bu omi fún un lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, ó fi aṣọ ara rẹ̀ wé e, ó sì gbé e pọ̀n. Kò gba ọ̀nà ilé. Odò ló kọjú sí. Ẹmẹsẹ̀ sáré tẹ̀lé e pé ọba ń pè é, kò bojú wẹ̀yìn.

"Níbo là ń lọ?" ìyá rẹ̀ bi í létí.

"Olójúlíle, ìyá mi."

"Ṣé wọ́n á fẹ́ràn wa níbẹ̀?"

"Rárá o. Wọ́n á bú wa, wọ́n á sì máa kanra mọ́ wa. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa fò yín kọjá."

Ibẹ̀ ló parí sí lẹ́nu mi. Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ gbé àpótí yín, ẹ máa lọ.